Ẹrù Ni Ogun: Ohun Tí Iṣẹ́ Ìtàn Àròsọ Ogun Kọ́ Mi

Ẹni tó bá gba Mòkọ́lá kọjá n'Ìbàdàn á rí bárékè sójà tó ń jẹ́ Letmauk. Ojoojúmọ́ là ń pe orúkọ náà. Ọlọ́kadà ń pè é, ọmọ iléèwé ń pè é, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tó ti wá. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Haúsá, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Abúlé kan ni nílẹ̀ Bọ́mà tó di Myanmar lónìí, níbi tí àwọn sójà tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ti bá àwọn ará Jàpáànì jà lọ́dún 1945, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀nà kan náà ni bárékè Dodan t'Ọ́báléndé àti Arakan t'Àpápá gbà dé. Ojú ogun Bọ́mà ni wọ́n ti kó àwọn orúkọ wọ̀nyí wálé.

Ìtàn àròsọ ogun niṣẹ́ mi. N kò ṣe sójà rí, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan fi ń tẹ̀lé mi káàkiri: báwo lẹ ṣe ń kọ ohun tí ojú yín ò tó? Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ lónìí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń béèrè ló ní ìtàn bàbá tàbí ìyá wọn lọ́kàn tí wọ́n fẹ́ kọ, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti mú un.

Àbúrò bàbá ìyá mi kan lọ sí Bọ́mà. Mo bá a láyé. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, a máa ń jókòó yí i ká, a ó ní, "Bàbá, ẹ sọ bí ẹ ṣe yìnbọn fún wa." Kò sọ ti ìbọn rí. Òjò ló máa ń sọ. Á sọ bó ṣe rọ̀ títí tí bàtà àwọn fi hu olú. Á sọ ti eṣúṣú tó ń rá wọ inú ṣòkòtò, tí wọ́n ń fi iná sìgá lé kúrò lára. Lẹ́yìn náà á fọwọ́ pa àtàrí rẹ̀, níbi tí irun ò ti hù dáadáa mọ́, á ní, "Ẹrù ni. Ẹrù ni ogun." Mo rò nígbà náà pé bàbá ń fi nǹkan pamọ́ fún wa ni. Ó gbà mí ní ogún ọdún kí n tó mọ̀ pé kò fi ohunkóhun pamọ́. Ogun náà gan-an ló ń sọ fún wa.

Ọdún 1943 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Dífíṣọ̀n 81, ọ̀wọ́ ọmọ ogun ńlá kan, sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n kó ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gold Coast tó di Gánà lónìí, ọmọ Sàró àti ọmọ Gáńbíà pọ̀ sínú rẹ̀. Aláǹtakùn ni wọ́n fi ṣe àmì ara aṣọ wọn. Nígbà tí wọ́n dé Arakan, ẹkùn kan ní Bọ́mà, tí wọ́n ní kí wọ́n wọ àfonífojì odò Kaladan, kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tó wọ ibẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà kan gba orí òkè, máìlì 75. Ibi tí ọ̀nà yẹn bá parí sí, orí ènìyàn ló kù. Ìbaaka ló ń ru ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun mìíràn ní Bọ́mà, ṣùgbọ́n láàrin àwọn tiwa, aláàárù ló ń rù ú: ọta, oògùn, wáyà, àgbá mọ́tà, ìyẹn ìbọn ńlá tó ń ju àdó olóró sókè, tí wọ́n tú sí mẹ́ta. Sójà ni àwọn aláàárù wọ̀nyí, wọ́n forúkọ sílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ogun, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ìbọn lọ́wọ́. Òjò tó ń pa wọ́n níbẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Òjò ọdún kan ní etíkun Arakan ju ìlọ́po mẹ́ta òjò Ìbàdàn lọ.

Ojú ọ̀run ni oúnjẹ ti ń wá, bàálù Dakota ló ń jù ú sílẹ̀. Ohun tó bá lè fọ́, wọ́n á so ó mọ́ páráṣúùtì. Ìrẹsì kò rí páráṣúùtì. Wọ́n á dà á sínú àpò kan, wọ́n á ki àpò náà bọ inú èyí tó tóbi jù ú lọ, kó má baà fọ́n ká tó bá balẹ̀. Ẹni tí àpò bẹ́ẹ̀ bá já lù, ó parí. Nínú ìwé tí mò ń kọ lọ́wọ́ báyìí, òkú àkọ́kọ́ kò ti ọwọ́ ọ̀tá wá. Ìrẹsì ló pa á.

Aláàárù kan ni ìwé náà dá lé lórí, ọmọ ahunṣọ láti Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí mo fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ han atẹ̀wé kan, ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n kí n gbé ìbọn lé ọmọ náà lọ́wọ́, torí ẹni tó ń ru ẹrù kò lè jẹ́ akọni. Mo kó ìwé mi, mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ. Ó dùn mí púpọ̀. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, a ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rẹ́ nínú ìtàn nìyẹn, àwọn tí ìbọn kì bá dún láìsí wọn.

Ẹ wo ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà lọ́dún 1942, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànì kọlù wọ́n létí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀wọ́ rẹ̀ lọ, ó ku òun àti ọmọ Sàró kan. Àgbẹ̀ mùsùlùmí kan àtàwọn ará abúlé rẹ̀ ló gbé wọn pamọ́, tí wọ́n ń wá oúnjẹ fún wọn títí di oṣù kejìlá. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi wà nílẹ̀ ọ̀tá láìyin ọta kan. Síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ ìtàn ogun tó wọ̀ mí lára tó yẹn.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Kí n tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ nípa ọmọ Ìṣẹ́yìn náà, mo rọ yanrìn sínú àpò, ogún kílò, mo ká òṣùká, mo ní kí wọ́n bá mi gbé e lé orí nínú òjò. Mo tẹ̀lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ilẹ̀ gun òkè kan lẹ́yìn Mọ́níyà. Kò tó wákàtí kan tí ọrùn mi fi le bí igi. Ohun tí mo rí kọ́ kì í ṣe ìrora, torí ìrora ni mo ti ń retí. Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó ru ẹrù kò lè wo òkè, kò lè wo ilẹ̀, kò sì lè yíjú. Tí ẹ bá ń gun òkè, gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú ló máa dojú kọ yín láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. Gbogbo orí kìn-ín-ní ni mo fà ya nígbà tí mo délé. Mo ti kọ bí òkè ṣe rí, bí igbó ṣe lọ salalu, bí ìkùukùu ṣe bo odò. Ta ló rí i? Ọmọ tèmi kò rí i. Gìgísẹ̀ Kọ́pùrà rẹ̀, ọ̀gá sójà kékeré tó wà níwájú rẹ̀, ló rí, tó là, tí ẹrẹ̀ pupa wọ inú ibi tó là, tó sì mọ̀ ọ́n ju ojú Kọ́pùrà náà lọ. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mò ń jí. Bírò àti ìwé àjákọ ni mo fi ń kọ títí aago mẹ́jọ, kí n tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án tí iná bá wà. Ṣùgbọ́n ìwé tó ń gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe kì í ṣe èyí tí mò ń kọ ìtàn sí. Ìwé àjákọ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń pè é ní ìwé ìṣirò. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀: bí òṣùpá ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà, òjò, iye oúnjẹ tó kù, ẹni tí ibà ń ṣe, iye ọta tó wà lápò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìbọn Lee-Enfield tí wọ́n gbé lọ sí Bọ́mà ń gba ọta 10. Nínú àkọsílẹ̀ mi àkọ́kọ́, sájẹ́ǹtì kan yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá láìdúró. Nígbà tí mo rí i nínú ìwé ìṣirò, mo jẹ́ kí ọta tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ tutù, ọta bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a kiri. Ibẹ̀ ló dára jù lọ nínú orí náà, ìṣirò ló sì fún mi.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìtàn ogun máa ń ṣì ṣe. Wọ́n á kọ pé ó gbọ́ ìró ìbọn, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí ọta tó dé. Ọta ìbọn irú ìgbà yẹn yára ju ìró rẹ̀ lọ. Ohun tí sójà kọ́kọ́ ń gbọ́ ni bí ọta ṣe ń ta pàṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ẹ̀yìn náà ni ìró ìbọn fúnra rẹ̀ á tó rọra dé láti ọ̀nà jíjìn. Sójà tó ti pẹ́ ń fi àlàfo àárín méjèèjì mọ bí ọ̀tá ṣe jìnnà tó. Ọmọ tuntun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ lè fi ohun kékeré yìí nìkan fi han òǹkàwé ta ni àgbà, ta ni ọmọdé, láìsọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni.

Ìwé kejì tó wà nílẹ̀ kúrú ju ti aláàárù lọ. Ogun Kírìjì ni, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bá ara wọn jà, 1877 sí 1893. Etí àwọn baba wa ló sọ ogun náà lórúkọ, torí ìró ìbọn ni kírìjì. Ṣakabùlà ni wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀: ẹ ó da ẹ̀tù, ẹ ó ki ọta, ẹ ó fi ọ̀pá gún un, kí ẹ tó lè tún yìn ín. Nígbà tí ìbọn Snider wọ ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀ láti Èkó, tó ń gba ọta láti ìdí, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yin bíi mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo ogun yí padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn yẹn ló mú mi. Mo lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ, níbi tí ìhà méjèèjì dó sí, mo rí bí wọ́n ṣe súnmọ́ra tó, mo sì rántí pé bùdó ti di ìlú nígbà yẹn: wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n ń ná ọjà. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sínú bùdó lọ́dún 1885 láìfojú kan ilé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ogun bẹ̀rẹ̀ á ti tó gbé ìbọn kó tó parí. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ní bùdó ló ń sọ ìtàn tèmi. Ó bí ọmọ ọkùnrin, ó sì ń wo bí ọmọ náà ṣe ń ga.

Ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, n kò tíì fi bírò kàn án. Àwọn tó ni ín ṣì wà láàyè. Mò ń lọ bá wọn jókòó ni. Ẹ má ṣe bi àgbà sójà ní iye ènìyàn tó pa. Ìwà ìkà ni, kò sì ní dá yín lóhùn. Ẹ bi í ní ohun tó jẹ, ohun tó wọ̀ sẹ́sẹ̀, ohun tó wà lápò rẹ̀.

Mo bi bàbá kan bẹ́ẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí ló wà lápò yín nígbà tí ẹ wọ ọ̀hún?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ilé. "Ìyá wọn, ẹ wá gbọ́ o. Ọmọ yìí ní kí ló wà lápò mi!" Ẹ̀rín náà sì lọ lójú rẹ̀. "Iyọ̀ ni," ó ní. "Mo wé e sínú ọ̀rá. Wọn ò ní iyọ̀ lọ́hùn-ún."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní obìnrin kan jáde láti inú igbó lọ́jọ́ kan, ó pọn ọmọ, òun sì tú ọ̀rá náà fún un. "Kò fi sẹ́nu ara rẹ̀ o. Ó fi ìka tọ́ ọ, ó nawọ́ sẹ́yìn báyìí, ó fi sí ọmọ lẹ́nu." Bàbá nawọ́ sẹ́yìn èjìká ara rẹ̀ láti fi hàn mí. Ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Mo pa ìwé mi dé. Mo ti ṣèlérí fún un pé n kò ní kọ ọ́ sínú ìtàn kankan títí á fi sọ pé kí n kọ ọ́. Oṣù tó kọjá ló ránṣẹ́ pé kí n kọ ti iyọ̀ náà, kí n má kọ orúkọ òun.

Ní báyìí, orí kọkànlá ìwé aláàárù ló wà níwájú mi. Ọmọ Ìṣẹ́yìn náà dúró létí Kaladan, irin ìdí mọ́tà tó ju kílò 15 lọ wà lórí rẹ̀, odò ti kún, kò sì mọ omi wẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tó ti ń dúró dè mí. Mo ti wo ìwé ìṣirò: òṣùpá ò sí lálẹ́ ọjọ́ náà, Kọ́pùrà rẹ̀ ti wọ omi, kò sì lè rí gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ọ̀la, màá mú un sọ̀ kalẹ̀.