Àmì àìsàn àti ìfàsẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìfàsẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ni àkókò tó ń lọ láti ìgbà tí obìnrin ti rí àmì àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ti aláìsàn, kó tó dé ilé ìwòsàn. Bó bá ju oṣù 3 lọ, wọ́n kà á sí ìfàsẹ́yìn. Apá kejì jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Irú àmì tó yọjú wà lára ohun tó ń fa méjèèjì gùn.

Nínú àwọn àmì náà, kókó inú ọmú ló wọ́pọ̀ jù. Nínú ìwádìí kan lórí obìnrin 2,316 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2017, bíi 83 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí kókó. Àwọn tí àmì tiwọn kì í ṣe kókó ló sábà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí dókítà. Síbẹ̀, kókó ní ẹ̀tàn tirẹ̀: kì í sábà dun ni. Ẹni tó ń tajà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lè máa fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò ti dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ìrora nìkan, tó máa ń léni lọ sílé ìwòsàn, kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ.

Àmì tí kì í ṣe kókó ló ń ṣi àwọn oníṣègùn lọ́nà jù. Oríṣi jẹjẹrẹ kan máa ń mú kí ọmú wú, kó pọ́n, kó gbóná, kí awọ rẹ̀ sì rí bí èèpo ọsàn. Bí ìyá náà bá ń fọ́mọ lọ́mú, wọ́n á ní wàrà ló dì, tàbí pé eéwo ni. Wọ́n á fún un lóògùn apakòkòrò, nígbà míì wọ́n á tiẹ̀ fi abẹ là á láìrí ọyún. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, ó yẹ kí wọ́n ya skáànì, kí wọ́n sì mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Egbò orí ọmú tó ń yún, tó ń bó, ni wọ́n ń fi ìpara lápálápá pa. Èyí tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ sábà máa ń mú ọmú kan ṣoṣo, orí ọmú gan-an ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé awọ dúdú tó yí i ká. Ẹ̀jẹ̀ láti orí ọmú, orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú àti kókó abẹ́ abíyá náà kò ṣeé fojú fò.

Àyẹ̀wò mẹ́ta ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀: fífọwọ́ yẹ ọmú wò, skáànì tàbí mamógíráàmù (fọ́tò X-ray ọmú), àti abẹ́rẹ́ tó ń gé ẹran. Ìkẹta ló sábà máa ń bàjẹ́. Bí ilé ìwòsàn kékeré bá gé kókó sọnù láìfi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, a ò ní mọ ohun tó jẹ́ títí yóò fi tún hù. Fọ́mùlínì 10%, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni wọ́n ń fi ẹran náà sí, kì í ṣe omi tàbí sípírítì. Fọ́mùlínì náà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 10 ẹran náà. Kí ẹran náà wọ inú rẹ̀ láàárín wákàtí 1, kó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 sí 72. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyẹ̀wò họ́mọ́ọ̀nù àti ti HER2 (èròjà kan tó lè mú kí jẹjẹrẹ yára dàgbà), tí wọ́n fi ń yan oògùn, lè parọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fẹ́ kí àyẹ̀wò parí láàárín ọjọ́ 60 tí aláìsàn dé ilé ìwòsàn. Ní agbègbè yìí, ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Ṣàgámù, ti Fásitì Olabisi Onabanjo, àti ní Ìlíṣàn, ti Babcock. Àwọn tó nílò ìtọ́jú ìtànṣán lè gba ilé ìwòsàn ìkọ́ni UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó lọ. Ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà á, fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 5, nítorí náà owó ọkọ̀ tàbí ibi tí wọn yóò wọ̀ sí gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.