Mo fẹ́ pààrọ̀ kọ́ọ̀sì, mo fẹ́ pààrọ̀ yunifásítì: kí ni JAMB ń sọ gan-an?

Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ UTME (ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga) ti ọdún 2026 ń sún mọ́lé, JAMB, àjọ tó ń ṣètò rẹ̀, kéde pé ẹnikẹ́ni tó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tó sì tún fẹ́ gba fọ́ọ̀mù UTME tàbí Direct Entry (ti àwọn tó ń fi ìwé ẹ̀rí bíi ND tàbí NCE wọlé), gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ lòun. Ẹni tó bá fi pamọ́ lè pàdánù ipò tó wà àti èyí tó ń wá. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń rọ́ wá: àwọn ọmọ ipele 100 tí kọ́ọ̀sì wọn kò wù wọ́n, àwọn òbí tí owó iléèwé ti tán lọ́wọ́ wọn, àwọn tó rò pé JAMB ti fòfin de kí èèyàn pààrọ̀ kọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí mo ti rí ohun tí àṣìṣe kékeré níbẹ̀ lè fà nínú ẹbí tèmi.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tún lọ ṣe UTME?

Rárá. Fífi í pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ṣé wọn ò ní gba ipò mi lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀?

Wọn ò ní gbà á. Ipò rẹ ṣì jẹ́ tìrẹ títí dìgbà tí o bá rí tuntun gbà. Ìgbà tí tuntun bá wọlé ni ti àtijọ́ parẹ́, torí kò sí àyè fún ẹnì kan láti di ipò méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìdánwò náà kò bá bọ́ sí i, kíláàsì rẹ ni wàá padà sí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí o pa ìwé tì nítorí UTME tuntun. Mo mọ àwọn ọmọ tó ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọn ò wọ kíláàsì fún odidi sáà kan, tí máàkì tí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń wá béèrè sì ga ju tiwọn lọ. Wọn ò rí tuntun, èsì ti àtijọ́ sì ti bàjẹ́.

Kí ló dé tí JAMB fi ń béèrè rẹ̀ rárá?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí JAMB ti ń pariwo nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbowó bá ẹlòmíràn jókòó ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá sọ ìdí tó fi tún wá ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wọn.

Gbogbo èèyàn ń pè é ní "change". Ṣé nǹkan kan náà ni?

Rárá, ibí yìí gan-an sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, ohun mẹ́rin ló ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí.

Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ṣe UTME ṣùgbọ́n tí kò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ gbà. Ó lè yí kọ́ọ̀sì tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó yàn padà lọ́dọ̀ JAMB. ₦2,500 ni wọ́n ń gbà fún un láti ọdún mélòó kan wá. Èyí rọrùn, bí àwọn iṣẹ́ (subject) mẹ́rin tí o fi ṣe UTME bá ṣáà bá kọ́ọ̀sì tuntun mu.

Èkejì, ilé ẹ̀kọ́ ló ń gbé e wá fúnra rẹ̀: o béèrè Pharmacy, wọ́n fi Microbiology lọ̀ ọ́. Lórí CAPS, ojú òpó tí JAMB fi ń ṣe ìgbaniwọlé, ni wàá ti rí i, ìwọ ni wàá sì sọ bóyá o gbà tàbí o kò gbà. Má tẹ "accept" nítorí pé ẹnì kan nílé ń kánjú. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ayé rẹ ló wà nínú bọ́tìnì yẹn.

Ẹ̀kẹta ni kí o kúrò ní ẹ̀ka kan sí òmíràn nínú yunifásítì kan náà, lẹ́yìn ipele 100 lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀ka tí o ń lọ yóò wo CGPA rẹ (àpapọ̀ èsì rẹ ní yunifásítì), yóò wo èsì WAEC tàbí NECO rẹ, yóò sì wò ó bóyá àyè wà. Àtilọ láti yunifásítì kan sí òmíràn ni ẹ̀kẹrin, òun ló sì le jù, torí ilé ẹ̀kọ́ méjì àti JAMB ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Mo ti pààrọ̀ ẹ̀ka, wọ́n ti gbà mí, mo ti ń ṣe ìdánwò níbẹ̀. Ṣé ó ti parí?

Kò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi obìnrin. Mathematics ni wọ́n fún un. Ó ṣe dáadáa ní ipele 100, ó kọ lẹ́tà, wọ́n gbà á sí Economics. Ó kàwé jáde, a pa adìyẹ, a ya fọ́tò. Nígbà tí àkókò àgùnbánirọ̀ tó, NYSC kò gba orúkọ rẹ̀ wọlé. Lọ́dọ̀ JAMB, akẹ́kọ̀ọ́ Mathematics ló ṣì jẹ́. Yunifásítì rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí Economics, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a gbé àyípadà náà dé ọ̀dọ̀ JAMB, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣẹ́ ṣì kù. Batch kan lọ, òmíràn tún lọ, ó wà nílé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi fọ́tò aṣọ kákí ránṣẹ́, òun ń wọkọ̀ láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn.

NYSC kì í wo orúkọ tí yunifásítì fi ránṣẹ́ nìkan. Wọ́n máa ń fi í wé ohun tó wà lọ́dọ̀ JAMB. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ibẹ̀ ni ìwọ yóò dúró sí. Nítorí náà, lọ́dún tí o bá pààrọ̀ ni kí o tọ ọ́fíìsì tó ń rí sí ìgbaniwọlé ní yunifásítì rẹ lọ, kí wọ́n fi àyípadà náà ránṣẹ́ sí JAMB, kí o sì tẹ lẹ́tà ìgbaniwọlé tuntun jáde. Má fi sílẹ̀ di ọdún ìkẹyìn.

Biochemistry ni mò ń kà. Ṣé mo lè kọjá sí Medicine?

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kò ṣeé ṣe, kódà bí CGPA rẹ bá ń tàn bí òṣùpá. Ìgbìmọ̀ MDCN, tó ń rí sí iṣẹ́ dókítà, ló ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè gbà, bẹ́ẹ̀ náà ni Council of Legal Education ń ṣe fún Law. Yunifásítì tó bá gbà kọjá iye náà lè jìyà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé kún un ló sì máa ń há nígbẹ̀yìn, bí àwọn tó ka Law tán tí wọ́n ń dúró de àyè ní Law School. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun lè fà ọ́ wọ Medicine lẹ́yìn tí iye náà ti kún, bi í pé níbo ni orúkọ rẹ yóò wà lọ́dọ̀ MDCN.

Bí mo bá kọjá sí yunifásítì mìíràn, ipele wo ni màá bẹ̀rẹ̀?

Ipele 200 ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà sí. Bí o bá ti wọ ọdún ìkẹyìn, kò sí ibi tí wàá lọ. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 2023 ni àwọn yunifásítì ti ń lo ètò ẹ̀kọ́ tuntun ti NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, tí wọ́n ń pè ní CCMAS. Ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti NUC, ó sì rí bákan náà níbi gbogbo. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò ìpín 30 tó kù. Nínú ìpín 30 yẹn ni wàhálà wà fún ẹni tó ń kọjá. Wàá máa ka kọ́ọ̀sì ipele 100 tí o kò ṣe rí pọ̀ mọ́ ti ipele 200. Béèrè bí wọ́n ṣe pọ̀ tó kí o tó sanwó.

Wọ́n ní kí n fi yunifásítì sílẹ̀ nítorí èsì mi. Ṣé mo lè kọjá sí ibòmíràn?

Rárá. Lọ bẹ̀rẹ̀ láti UTME.

Ọmọ mi wà ní yunifásítì kan ní Kútọnu. Ṣé ó lè kọjá wá sí Nàìjíríà?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Nàìjíríà mọ yunifásítì náà. Ní oṣù Kejìlá 2023, akọ̀ròyìn kan tú u síta pé òun gba oyè ẹ̀kọ́ ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ìdánimọ̀ ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n ní yunifásítì mẹ́jọ péré làwọn mọ̀: márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Tógò. Lára wọn ni ti Abomey-Calavi, ti Parakou, ti Lomé àti ti Kara.

Èyí dùn mí, nítorí àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jókòó kàwé ní tòótọ́, tí òbí wọn ta ilẹ̀ rán wọn lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ fún yín nìyí: bí yunifásítì náà kò bá sí lára mẹ́jọ yẹn, ẹ má san owó ọdún mìíràn síbẹ̀ ní ìrètí pé yóò fi èsì ibẹ̀ wọ ipele 200 nílé. Ẹ jẹ́ kó gba fọ́ọ̀mù UTME. Ọdún tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹnì kan ní òun mọ èèyàn ní JAMB, kí n sanwó, òun á bá mi ṣe é lẹ́yìn.

Má fún un. Láti ọdún 2017, ìgbaniwọlé tí kò bá gba orí CAPS kọjá kì í ṣe ìgbaniwọlé lójú JAMB. Lẹ́tà tó bá mú wá lè dára lójú, ṣùgbọ́n ọdún kẹrin ni wàá mọ̀ pé kò wúlò.

Mo ti pé ọdún 26. Ṣé kò tíì pẹ́ jù?

Kò pẹ́ láti kàwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún nígbà tó kàwé jáde kì í ṣe àgùnbánirọ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda (exemption), pé kò ní sìn, ni NYSC máa ń fún un. Ka ọdún tó kù fún ọ, kí o sì fi ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU kún un.

Kí ni kí n ṣe lọ́sẹ̀ yìí?

Bí o bá ti pààrọ̀ rí, wọ ojú òpó JAMB rẹ lónìí, kí o wo kọ́ọ̀sì tó wà lára lẹ́tà ìgbaniwọlé rẹ. Fi í wé èyí tó wà lórí èsì ìdánwò rẹ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá yàtọ̀, mú méjèèjì dání lọ sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí o sì béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gba ẹ̀sùn rẹ.