Ìdájọ́ pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù nínú líìgì àfarawé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀

Ìdájọ́ pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni yíyẹ pàṣípààrọ̀ tí ẹgbẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe nínú líìgì àfarawé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá ó bá ẹ̀tọ́ mu tàbí ìrẹ́jẹ wà nínú rẹ̀. Nínú irú líìgì yìí, kọ̀ǹpútà ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Èèyàn ló ń darí ẹgbẹ́: òun ló ń yan agbábọ́ọ̀lù, òun ló ń bá wọn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, òun ló ń pinnu ẹni tí yóò wọ pápá àti ẹni tí yóò jókòó síta. Kọ̀ǹpútà á wá fi máàkì agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe mọ bọ́ọ̀lù gbá tó, ṣírò bí ìdíje ṣe lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù lè jẹ́ èèyàn gidi láti NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ńlá ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì lè jẹ́ orúkọ tí kọ̀ǹpútà hùmọ̀. Basketball GM, tí Jeremy Scheff gbé jáde ní 2013, wà lára àwọn tí èèyàn lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà lórí fóònù.

Àpẹẹrẹ inú àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ ti irú líìgì tí àwọn ọ̀rẹ́ lè kó jọ láàárín Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Olúkúlùkù fi ìlú rẹ̀ sọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jìnnà síra, nítorí náà orí fóònù ni wọ́n ti ń dúnàádúrà, ní Yorùbá tí Faransé ilé-ìwé dà pọ̀ mọ́.

Ìyàtọ̀ láàárín àdánù àti ìrẹ́jẹ

Nǹkan méjì ló máa ń wọnú ara wọn nígbà tí ariwo bá sọ lórí pàṣípààrọ̀: kí èèyàn ṣe ọjà tí kò mérè wá, àti kí wọ́n rẹ́ èèyàn jẹ. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àjàrá wà nítòsí Àjàṣẹ́, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìlù ni. Ẹni tó ra ìlù níbẹ̀ lè san ju ohun tí ẹlòmíì san lórí irú rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú ní jìbìtì. Onílù ni, òde ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Ẹnì kejì fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ yàrá lásán ni. Ìlù kan náà, iye méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ tó ń wá ife-ẹ̀yẹ lọ́dún yìí àti ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ara rẹ̀ tò kò lè fi ojú kan náà wo agbábọ́ọ̀lù ẹni ọdún 33.

Ìrẹ́jẹ gidi ní àmì tirẹ̀. Olùdarí tó fẹ́ fi líìgì sílẹ̀ lè kó gbogbo ìràwọ̀ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó lọ. Ẹnì kan lè fi orúkọ méjì darí ẹgbẹ́ méjì, kó máa fi ọ̀kan bọ́ èkejì. Ẹlòmíì lè fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù sí ẹni tí wọ́n jọ ṣe pàṣípààrọ̀, kí àwọn yòókù má mọ̀. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé àwọn méjì lẹ̀dí àpò pọ̀ láti fi líìgì ṣèjẹ, tàbí pé ọ̀kan fi nǹkan pamọ́ fún èkejì. Irú èyí ni ó yẹ kí alákòóso líìgì wọ́gi lé láìwẹ̀yìn. Pàṣípààrọ̀ tí olùdarí la ojú rẹ̀ méjèèjì ṣe, tó sì mọ ìdí tó fi ṣe é, yẹ kó dúró bó tilẹ̀ jọ pé ó pàdánù níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń gba àṣìṣe lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n ti gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìṣirò ìṣẹ́jú

Ibi tí ọ̀pọ̀ adájọ́ ti ń ṣìnà ni ìròpọ̀ máàkì. Ká sọ pé ẹgbẹ́ Kétu ní ìràwọ̀ kan tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 78. Ẹgbẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́ fi agbábọ́ọ̀lù méjì lọ̀ ọ́, ọ̀kan 66, èkejì 64. Ẹni tó bá ro méjèèjì pọ̀ á rí 130, á sì ní Kétu ti jèrè ńlá. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù márùn-ún péré ni ẹgbẹ́ kan lè kó sórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú 48 sì ni ìdíje NBA. Ìṣẹ́jú 240 ni olùdarí ní láti pín láàárín gbogbo èèyàn rẹ̀, ẹyọ kan kò lé. Ẹni tó gba èèyàn méjì dípò ọ̀kan kò gba ìṣẹ́jú kún un. Ńṣe ló máa lé ẹnì kan dìde kí ẹni tuntun tó ríbi jókòó.

Kí pàṣípààrọ̀ yẹn tó wáyé, márùn-ún àkọ́kọ́ Kétu jẹ́ 78, 62, 60, 58 àti 56, àpapọ̀ 314. Mẹ́ta tó ń rọ́pò wọn jẹ́ 54, 52 àti 50, àpapọ̀ 156. Lẹ́yìn rẹ̀, márùn-ún àkọ́kọ́ di 66, 64, 62, 60 àti 58, ìyẹn 310, àwọn arọ́pò sì di 56, 54 àti 52, ìyẹn 162. Ní ti Ṣábẹ̀ẹ́, márùn-ún àkọ́kọ́ wọn jẹ́ 66, 64, 63, 61 àti 60, 314 náà ni. Àwọn arọ́pò wọn, 59, 55 àti 53, jẹ́ 167. Nígbà tí ìràwọ̀ dé, márùn-ún di 78, 63, 61, 60 àti 59, ó di 321. Àwọn arọ́pò di 55, 53 àti ẹnì kan tí kò ní ẹgbẹ́ tí wọ́n mú wọlé pẹ̀lú máàkì 50: 158.

Nínú ìdíje ojoojúmọ́, ká ní márùn-ún àkọ́kọ́ ń gbá ìṣẹ́jú 34 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí àwọn arọ́pò mẹ́ta pín 70 tó kù dọ́gbadọ́gba. Máàkì mẹ́rin tí Kétu pàdánù, ní ìlọ́po 34, jẹ́ 136. Mẹ́fà tó jèrè lára àwọn arọ́pò, ní ìṣẹ́jú tiwọn, jẹ́ 140. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá wo sáà náà títí dé òpin ìdíje ojoojúmọ́ lè má rí ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá. Nígbà tó bá di ìpele àṣekágbá, tí àwọn márùn-ún ń gbá ìṣẹ́jú 40, tí 40 péré ṣẹ́ kù fún àwọn arọ́pò, Kétu pàdánù 160, ó jèrè 80. Ṣábẹ̀ẹ́ jèrè 280, ó pàdánù 120. Ẹgbẹ́ méjì tí márùn-ún àkọ́kọ́ wọn dọ́gba tẹ́lẹ̀ kò dọ́gba mọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ife-ẹ̀yẹ ń bẹ lórí tábìlì ló hàn. Ẹ̀rọ náà lè fẹ àlàfo yìí sí i: nínú Basketball GM, agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ló wúwo jù nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò agbára ẹgbẹ́, ẹnì kẹwàá ló fúyẹ́ jù.

Àlàfo yìí nìkan kò tíì tó láti wọ́gi lé pàṣípààrọ̀ náà. Ó kù kí a béèrè ọjọ́ orí.

Ọjọ́ orí, àdéhùn àti dráfùtì

Bí ìràwọ̀ Kétu bá ti pé ọdún 32, tí àwọn méjì láti Ṣábẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni ọdún 22, ẹjọ́ ti yí padà. Nínú ọ̀pọ̀ líìgì àfarawé, máàkì ọ̀dọ́ máa ń gòkè lẹ́yìn sáà, ti àgbà máa ń sọ̀kalẹ̀, oríire sì máa ń dá sí i. Kétu lè ti ra ọdún mẹ́fà ọjọ́ iwájú pẹ̀lú ọdún méjì tó kù fún ìràwọ̀ rẹ̀.

Orúkọ ńlá ló máa ń bo ọjọ́ orí mọ́lẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìdíje NBA tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ní New York nígbà òtútù, aago méjì òru ló bọ́ sí. Ẹni tó ní iṣẹ́ láàárọ̀ kò lè máa jí wò ó. Òkìkí ló fi ń mọ ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù, òkìkí kì í sì í tètè darúgbó. Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó, ni ẹgbẹ́ Houston fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú dráfùtì 1984, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dọọdún, òun ló sì ṣíwájú wọn gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995. Ní 2001, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 38, Houston fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Toronto, ẹ̀tọ́ dráfùtì ni wọ́n gbà dípò rẹ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ dájọ́ á ní wọ́n fi wúrà gba pàǹtí. Sáà kan péré ló gbá fún Toronto, ó sì fẹ̀yìn tì.

Àdéhùn náà ní ẹrù tirẹ̀. NBA ti ní gbèdéke owó oṣù láti sáà 1984–85, nígbà tó jẹ́ mílíọ̀nù 3.6 dọ́là fún ẹgbẹ́ kan, ọ̀pọ̀ líìgì àfarawé sì ń lo irú òfin bẹ́ẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù 70 tó ń gba owó kékeré fún ọdún mẹ́ta lè níye lórí ju ẹni 74 tí owó rẹ̀ di gbogbo ọ̀nà pa. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ kù ọdún kan lè lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Masai Ujiri ń darí Toronto ní 2018, ó fi DeMar DeRozan àti Jakob Poeltl pẹ̀lú ẹ̀tọ́ dráfùtì gba Kawhi Leonard àti Danny Green. Leonard gba ife-ẹ̀yẹ fún Toronto ní 2019, ó sì kúrò lọ́dún yẹn kan náà. Ọdún kan péré ni wọ́n rà, wọ́n sì mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rà á.

Ẹ̀tọ́ dráfùtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dún tó ń bọ̀, ló ṣòro jù láti díye lé. Ní 2013, Anthony Bennett ni wọ́n kọ́kọ́ yàn. Ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún ni Giannis Antetokounmpo, tí orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́ Adétòkunbọ̀ kí ìkọ̀wé Gíríìkì tó yí i padà. Ó di ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù lágbàáyé. Ní ọdún 2013 yìí náà, Brooklyn Nets kó ẹ̀tọ́ ipele kìn-ín-ní dráfùtì ti 2014, 2016 àti 2018, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti pààrọ̀ ìyàn 2017, fún Boston Celtics nítorí Kevin Garnett, Paul Pierce àti àwọn mìíràn. Inú àwọn ẹ̀tọ́ yẹn ni Boston ti rí Jaylen Brown, pàṣípààrọ̀ míì tí wọ́n fi ti 2017 ṣe sì mú Jayson Tatum wá. Ẹni tó bá ń dájọ́ gbọ́dọ̀ fi ojú ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé wò ó. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé Tatum ló máa já sí. Ọmọ ọdún 15 ni.

Òfin kan tó wúlò púpọ̀ níbí ni èyí tí wọ́n ń pè ní òfin Stepien, láti ara orúkọ Ted Stepien tó ni ẹgbẹ́ Cleveland láti 1980 sí 1983, tó sì ń tú ẹ̀tọ́ dráfùtì ẹgbẹ́ rẹ̀ dànù. Ó kọ̀ fún ẹgbẹ́ láti wà láìní ẹ̀tọ́ ipele kìn-ín-ní lọ́dún méjì tó tẹ̀ léra lọ́jọ́ iwájú. Líìgì kékeré nílò rẹ̀ ju NBA lọ, nítorí pé olùdarí tó ti ná ọ̀la tán lè pa fóònù rẹ̀, kó sì fi ìgbèsè sílẹ̀ fún ẹni tó máa jogún ẹgbẹ́ náà.

Ta ló ń dájọ́

Ní àwọn líìgì kan, alákòóso nìkan ló ń pinnu. Ní òmíràn, ìgbìmọ̀ kékeré ni, tàbí kí gbogbo olùdarí dìbò. Ìbò jọ ohun tó dára, àmọ́ ó ní àléébù: ẹni tí kò fẹ́ kí orogún rẹ̀ lágbára á dìbò tako pàṣípààrọ̀ tí kò lábùkù. Ó sàn kí ìbéèrè jẹ́ «Ṣé ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀?» ju «Ṣé o fara mọ́ ọn?» lọ.

Alákòóso tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ dà bí olórí àjọ tó tún ń dá àjọ: kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, bí ẹlòmíì bá ń bá a ka owó. NBA fúnra rẹ̀ bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí ní December 2011. Líìgì náà ló ni ẹgbẹ́ New Orleans lákòókò yẹn, David Stern tó jẹ́ alákòóso sì kọ pàṣípààrọ̀ tí ì bá gbé Chris Paul lọ sí Los Angeles Lakers. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Paul lọ sí ẹgbẹ́ Clippers. Ìpinnu náà lè tọ̀nà bó ti wù kó tọ̀nà. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ló ń ṣojú oníǹkan, tó tún ń ṣàkóso gbogbo líìgì.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, nítorí náà ẹnu méjèèjì ni a ń gbọ́. Láàárín Yorùbá, ohun kan wà tí òfin NBA kò ronú kàn: ọ̀wọ̀. Ọmọ ogún ọdún ní Ṣábẹ̀ẹ́ lè máa bá ẹni tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú lọ dúnàádúrà.

«Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó di ọ̀la.»

«Àbúrò, kí lo tún ń rò? Ṣé mo lè tàn ọ́ jẹ ni?»

Kò sí ìdáhùn tó rọrùn sí ìbéèrè kejì yẹn, àbúrò á sì tẹ bọ́tìnnì náà. Máàkì lè dọ́gba, owó lè dọ́gba, síbẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀ ló fi gbà. Ohun tó ń yanjú èyí ni kí pàṣípààrọ̀ kankan má fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí wákàtí 24 fi kọjá, kí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lè yọ ọwọ́ rẹ̀ láìsọ ìdí, alákòóso nìkan ni kó sì gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n kò ní mọ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ ló yọwọ́ tàbí òfin ló dá a dúró.

Bí wọ́n bá wọ́gi lé pàṣípààrọ̀ lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ ti fi àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun gbá ìdíje, èsì àwọn ìdíje yẹn ń dúró. Àwọn agbábọ́ọ̀lù á padà sí ẹgbẹ́ wọn bí ipò wọn ṣe rí lọ́jọ́ yẹn: ẹni tó farapa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́rin tó lò ní Kétu, pẹ̀lú ìfarapa rẹ̀ ló máa padà sí Ṣábẹ̀ẹ́.