Ṣé èèyàn lè gbé àpótí láìní ẹgbẹ́ òṣèlú?

Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Òkè-Ìlewó, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n di ìwé òfin orílẹ̀-èdè mọ́wọ́, wọ́n ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ abala 40. "Lọ́yà, ó wà níbí pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́ tó bá wù mí. Bí ìkankan ò bá wá wù mí ńkọ́?" Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n fẹ́ lọ. Wọ́n ní kí n bá wọn pẹjọ́.

Ìbéèrè gidi ni. Mo ní kí wọ́n ṣí abala 106: ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ fa èèyàn kalẹ̀ kó tó lè dé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Bákan náà ni abala 65, 131 àti 177 wí fún ilé aṣòfin Àbújá, ààrẹ àti gómìnà.

Wọ́n ní Gúúsù Áfíríkà ṣe é. Lóòótọ́ ni. Lọ́dún 2020, ilé ẹjọ́ wọn dá a pé kò tọ́ láti sọ ẹgbẹ́ di dandan, àwọn aládàádúró sì díje nínú ìbò 2024. Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò ló dí wọn lọ́nà níbẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn wà lẹ́yìn wọn. Níbí, ìwé òfin náà gan-an ló tilẹ̀kùn. Adájọ́ ò lè fi abala 40 pa abala 106 rẹ́, inú ìwé kan náà ni méjèèjì wà.

Ti Tanzania ló jọ tiwa. Pásítọ̀ Christopher Mtikila pẹjọ́ ní 1993, ó jàre, ìjọba sì tún ìwé òfin ṣe láti dínà. Ogún ọdún ló fi jà kí Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà ní Arusha tó dá a láre ní 2013. Àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí wọ́n fi dá a láre ti di òfin ní Nàìjíríà náà, àmọ́ ilé ẹjọ́ wa tó ga jù lọ ti sọ ní 2000, nínú ẹjọ́ Abacha àti Gani Fawehinmi, pé kò ga ju ìwé òfin orílẹ̀-èdè lọ.

Ó dùn mí, torí ìlú yìí ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti dá gbé àpótí ní 1959, nígbà tí ẹgbẹ́ NCNC ò fà wọ́n kalẹ̀. Wọn ò wọlé, àmọ́ òfin ò dí wọn lọ́nà.

N ò gbowó ẹjọ́ lọ́wọ́ màmá. Abala 9 ló lè yí i padà: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì l'Ábùújá, pẹ̀lú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ilé aṣòfin Ògùn tó wà ní Òkè-Mosàn wà lára wọn. Lẹ́tà la jọ kọ sí aṣòfin àdúgbò wọn. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ kọ tiyín, ẹ dárúkọ abala tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan fún yín.