Kí ló so fíìmù òkú amùjẹ̀ àtijọ́ mọ́ Halloween?

Bí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, tí Halloween, àjọ̀dún ìdẹ́rùbà ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù náà, ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba a máa wá fíìmù òkú amùjẹ̀ (vampire) ìgbà èwe wọn kiri: Dracula, ìtàn òkú amùjẹ̀ kan, èyí tí òṣèré Bela Lugosi ṣe àti èyí tí Christopher Lee ṣe, àti eré tẹlifíṣọ̀n Dark Shadows. Fíìmù tuntun tó bani lẹ́rù jù wọ́n lọ pọ̀ bíi yanrìn, síbẹ̀ ti àtijọ́ ni ọkàn wọn ń fà sí.

Ṣé torí Halloween ni wọ́n ṣe ṣe àwọn fíìmù yìí?

Rárá o. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n jáde. Oṣù kẹta 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Nosferatu, fíìmù Jámánì tí kò lóhùn, hàn ní Berlin. Oṣù kejì 1931 ni Dracula ti Lugosi jáde, oṣù karùn-ún 1958 sì ni ti Lee. Kò sí èyí tó sún mọ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá nínú wọn.

Ta ló wá so wọ́n pọ̀?

Tẹlifíṣọ̀n ni. Lọ́dún 1957, ilé-iṣẹ́ Screen Gems kó fíìmù àtijọ́ 52 jọ, Dracula wà nínú wọn, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n káàkiri Amẹ́ríkà. Òru ni wọ́n sábà máa ń fi wọ́n hàn. Ẹnì kan á múra bí òkú tó jí, á jókòó nídìí pósí, á máa bá àwọn òǹwòran sọ̀rọ̀ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Maila Nurmi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Los Angeles láti 1954, Vampira ló ń pe ara rẹ̀. Báyìí ni ọmọ tí wọn ò tíì bí ní 1931 ṣe bá Lugosi pàdé ní pálọ̀ bàbá rẹ̀, ní wákàtí tó yẹ kó ti sùn. Lójú tèmi, pálọ̀ yẹn àti àwọn tí wọ́n jọ jókòó níbẹ̀ wà lára ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ àwọn àgbàlagbà náà nígbà tí Halloween, àsìkò ìdẹ́rùbà, bá dé.

Dark Shadows wá ńkọ́?

Ìfẹ́ èyí jinlẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ. Láti 1966 sí 1971 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC fi ń ṣe é, lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ń ti ilé-ìwé dé. Kò sí òkú amùjẹ̀ kankan nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, òǹwòran rẹ̀ ò sì pọ̀. Ní oṣù kẹrin 1967, Willie Loomis, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá inú eré náà, wọ ibojì ìdílé Collins lọ jí ohun ọ̀ṣọ́. Ó já ṣéènì ara pósí, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ọwọ́ kan sì yọ jáde, ó fún un lọ́rùn. Barnabas Collins dé nìyẹn. Ọmọ Kánádà kan, Jonathan Frid, ló ṣe é. Wọn ò ní in lọ́kàn pé yóò pẹ́, ṣùgbọ́n òun ló gbé eré náà dìde, torí ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì ń kábàámọ̀, ó ń ṣọ̀fọ̀ Josette olólùfẹ́ rẹ̀. Wọn kì í sábà dúró tún ohun tó bá bàjẹ́ yà. Ògiri á mì, òjìji ẹ̀rọ gbohùngbohùn á hàn, òṣèré á gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Èèyàn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ sì ń rí i pé èèyàn ni. Nínú ìpín 1,225 tí wọ́n ṣe, ẹyọ kan ṣoṣo ló sọnù, ohùn rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù.

Wọn ò kúkú bani lẹ́rù mọ́. Kí ni wọ́n ń wò níbẹ̀?

Ẹ wo àtẹ̀gùn ilé olódi Dracula nínú fíìmù 1931. Okùn aláǹtakùn ńlá dí ojú ọ̀nà. Dracula kọjá, okùn ò já. Àlejò tó tẹ̀ lé e ní láti fi ọ̀pá rẹ̀ gún un kó tó rọ́nà. Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé, orin ò dún. Lugosi ò fi eyín gígùn kankan hàn títí fíìmù fi parí. Ti Lee ní 1958 ló wá fi eyín àti ẹ̀jẹ̀ pupa hàn kedere, ó sì dùn lọ́nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti Lugosi ni mo yàn.

Ṣé òótọ́ ni pé oòrùn máa ń pa wọ́n?

Nosferatu ló mú ìyẹn wọ fíìmù. Nínú ìwé Bram Stoker ti 1897, Dracula ń rìn lọ́sàn-án gangan.

Ṣé aláwọ̀ dúdú wà nínú wọn?

Ó wà. Nínú Blacula, 1972, William Marshall ṣe Mamuwalde, ọmọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà tó lọ bẹ Dracula pé kó ran òun lọ́wọ́ láti fòpin sí òwò ẹrú. Dracula bù ú jẹ, ó sì tì í mọ́ pósí. Marshall fúnra rẹ̀ ló tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n fún ẹni náà ní ìran àti iyì.

Èwo ni kí ẹni tí kò wo ìkankan rí fi bẹ̀rẹ̀?

Dracula ti 1931. Ìṣẹ́jú 75 péré ni. Tó bá wù yín, ẹ bọ́ sí Dark Shadows láti ìgbà tí Willie ṣí pósí, kí ẹ má fi ti ìṣáájú dá ara yín dúró.