Ìbọn ìléwọ́ àtijọ́: kí ló dé tí èyí tó ti ṣá fi ń wọ́n ju èyí tó ń dán lọ?

Mauser C96 méjì wà níbi gbàǹjo. Ọ̀kan ń dán gbinrin, àwọ̀ ìkejì ti ń ṣí lára rẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ìkejì ni àwọn tó mọ ìbọn ń du?

Torí pé èyí tó ń dán yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n ti tún un kùn ni. Ilé iṣẹ́ Mauser ní Oberndorf, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í ta C96 ní 1896, wọn kò sì ṣíwọ́ títí di 1937. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ni wọ́n ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti rí ogun, òjò àti òógùn ọwọ́. Ó kù díẹ̀ tó jẹ́ pé inú àpótí ló ti wà láti ìgbà náà, ìyẹn ló wá wọ́n jù lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ti ṣá ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ló kàn. Èyí tí wọ́n tún kùn ló wà ní ìsàlẹ̀, bó ti wù kó dán tó. Ohun tí alágbẹ̀dẹ bá ti fi ẹ̀rọ họ kúrò lára irin ti lọ nìyẹn, kò sí owó tó lè dá a padà.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tí wọ́n ti tún kùn?

Ibi tí wọ́n lu èdìdì sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí òòlù bá gba èdìdì wọ inú irin, irin etí rẹ̀ máa ń wú díẹ̀. Ẹ fi èékánná rà á, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Bí wọ́n bá ti dán an, etí yẹn á ti tẹ́jú, lẹ́tà á sì dà bí ohun tó rì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ «Waffenfabrik Mauser» tó wà lára C96: ó yẹ kí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ jìn bákan náà. Ẹ tún wo igun irin, bóyá ó ṣì mú, àti ẹnu ihò, bóyá kò tíì fẹ̀ bí àwo.

Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Àwọ̀ dúdú ara Luger, ìbọn ìléwọ́ Jámánì mìíràn, ti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní kì í ṣe ọ̀dà rárá. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìpẹtà díẹ̀ mú irin, wọ́n á sè é nínú omi, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọ́n, wọ́n á tún un ṣe léraléra. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké, bí ibi tí ìka ń fà, iná ni wọ́n fi sọ wọ́n di àwọ̀ koríko gbígbẹ. Bí ẹ bá rí Luger ìgbà yẹn tí gbogbo ara rẹ̀ dúdú kirimú láìsí àwọ̀ koríko níbì kankan, ẹ fura.

Nọ́ńbà ńkọ́?

Ó ṣe pàtàkì gan-an. Luger àwọn ológun ní nọ́ńbà rẹ̀ ní kíkún lára àwọn ẹ̀yà ńlá, wọ́n á sì tẹ méjì tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà náà sára àwọn kéékèèké. Ìdí màgasíìnì, ìyẹn ibi tí ọta ń wà, pàápàá máa ń ní nọ́ńbà. Bí ẹ̀yà kan ṣoṣo bá ti yàtọ̀, owó ìbọn máa já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó ní i pé kí wọ́n má fi yìnbọn: bí ẹ̀yà kékeré kan bá kán, irú rẹ̀ tó ní nọ́ńbà yẹn kò sí mọ́ láyé.

Ṣé òótọ́ ni pé «9» pupa máa ń jẹ́ kí C96 wọ́n?

Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ ojúlówó. Ní 1916, àwọn ọmọ ogun Jámánì ní kí Mauser ṣe 150,000 tó ń yin ọta 9 mm dípò 7.63 mm. Kí ọmọ ogun má baà ki ọta tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n fín 9 ńlá sára pákó ìdìmú, wọ́n sì kùn ún ní pupa. Ṣùgbọ́n pákó ṣeé tú, ẹnikẹ́ni sì lè fín 9. Ara irin ni kí ẹ ti wá ẹ̀rí: èdìdì ìjọba, ìwọ̀n ẹnu ìbọn, àti nọ́ńbà tí kò kọjá 150,000.

Èwo ló ṣọ̀wọ́n jù?

Nínú èyí tí wọ́n tà lọ́jà dáadáa, Borchardt C93 ni mo máa mú. Hugo Borchardt ló ṣe é, ilé iṣẹ́ Ludwig Loewe ní Berlin ló kọ́kọ́ tà á, nǹkan bí 3,000 ni gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ ni Georg Luger ti yọ tirẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ogun Switzerland gbà ní 1900.

Ṣé òfin gbà á?

Ó dá lórí ibi tí ẹ wà. Lábẹ́ òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ohun àtijọ́ ni ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú, kò sí lára ohun tí òfin ìbọn ọdún 1968 ń dè. Nítorí náà C96 méjì lè jọra bí ìbejì, kí òfin sì yà wọ́n nípa nítorí ọdún kan. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀, ẹ bi agbẹjọ́rò kí ẹ tó sanwó.

Ní Nàìjíríà, ọjọ́ orí ìbọn kò ràn yín lọ́wọ́. Òfin ìbọn ti 1959 ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tó léèwọ̀, títí kan èyí tó ń fi òkúta ṣáná, àfi kí Ààrẹ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Èyí tí ẹnì kan jogún lọ́dọ̀ bàbá àgbà kò yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.