Ìpalára òjijì fún kíndìnrín lẹ́yìn wárápá

Ìpalára òjijì fún kíndìnrín lẹ́yìn wárápá ni kí kíndìnrín ṣàdédé má lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ mọ́ láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀ tí wárápá gbé èèyàn. Kò wọ́pọ̀. Wárápá tó gbéni fún mínítì kan tàbí méjì tó sì lọ kì í sábà fà á, èyí tó ju mínítì 5 lọ lẹ̀rù wà fún, tàbí èyí tó ń gbé onítọ̀hún léraléra tí ò tíì jí dáadáa tí òmíì tún fi dé.

Inú ọpọlọ ni wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ara iṣan ni wàhálà kíndìnrín ti ń wá. Tí gbogbo ara bá le gbagidi tó sì ń gbọ̀n fún ìgbà pípẹ́, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ohun tó wà nínú ẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan ni myoglobin, ìyẹn èròjà purotéènì inú iṣan, òun ló máa ń dí ihò tín-tìn-tín tí ìtọ̀ ń gbà nínú kíndìnrín, pàápàá tí omi ara bá ti gbẹ, bíi ti ẹni tó ti ń kọ ebè lóko Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀mùò láti àárọ̀ nínú oòrùn tí ò mumi kí wárápá tó gbé e. Potassium náà á tú jáde, ìyẹn sì lè dá ọkàn dúró.

Ìtọ̀ á dúdú bíi Coke tàbí tíì tí ò ní mílíìkì, tàbí kó má tiẹ̀ jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ẹlòmíì ò ní yí àwọ̀. Ibi tó ń dùn mí nìyí, torí ẹni náà á ti jí, á ti máa sọ̀rọ̀, ará ilé á ní ó ti bọ́, bẹ́ẹ̀ creatine kinase, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí iṣan ṣe bàjẹ́ tó, lè máa gòkè títí di ọjọ́ kẹta. Tó bá ti kọjá 5,000 U/L, ewu kíndìnrín ti pọ̀ nìyẹn.

Dírípù omi iyọ̀ lásìkò ni ìtọ́jú ẹ̀, tí kò bá gbọ́ wọ́n á ṣe dialysis, ìyẹn kí ẹ̀rọ máa bá kíndìnrín fọ ẹ̀jẹ̀. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà l'Ádó-Èkìtì àti l'Ídò-Èkìtì. Ọ̀pọ̀ kíndìnrín tó bàjẹ́ báyìí ló máa ń padà sípò. Àgbo ìtọ̀ màálù àti ewé tábà táwọn kan ń rọ fẹ́ni tí gìrì gbé máa ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, gìrì ọ̀hún á tún le sí i. Ibuprofen àti diclofenac téèyàn ń rà ní kẹ́mísì torí ara ríro lẹ́yìn wárápá tún lè pa kíndìnrín lára. Levetiracetam, ìyẹn oògùn wárápá, ń gba inú kíndìnrín jáde, dókítà ló máa dín in kù, kéèyàn má dá a dúró fúnra ẹ̀ torí wárápá lè tún padà wá.